Bí a ṣe lè wá ibi tí ariwo kọ́-kọ́-kọ́ ti ń jáde ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀

Nígbà òjò ní Àkúrẹ́, bí àgbàrá bá ti wọ́ ojú ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà lọ, tí kòtò sì ti là sí ẹ̀gbẹ́ títì ọlọ́dà pàápàá, ẹ̀sùn kan náà ni ọ̀pọ̀ onímọ́tò máa ń gbé lọ bá mẹkáníìkì: ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ìyẹn àwọn irin àti rọ́bà tó gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ lé táyà, ń dún. Ó ń dún kọ́-kọ́-kọ́ bí ọkọ̀ bá wọ kòtò kékeré, ó ń dákẹ́ bí ojú títì bá já gaara, ó sì lè má dún rárá lọ́jọ́ tí a bá gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí onímọ́tò máa ń gbọ́ ni pé kó lọ ra ṣọ́ọ̀kì, ìyẹn ọ̀pá ọlọ́ìlì tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ máa fò sókè-sódò. Yóò ra ṣọ́ọ̀kì, ariwo kò ní lọ. Yóò ra líńkéèjì, ọ̀pá kékeré tó so irin abẹ́ ọkọ̀ mọ́ ẹsẹ̀, kò ní lọ. Wọn yóò tún ní kó lọ ra búṣìn, ìyẹn rọ́bà tó wà ní oríkèé irin ẹsẹ̀, owó ńlá yóò sì ti wọlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tẹ̀ ba láti wo abẹ́ ọkọ̀ náà dáadáa.

Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé iṣẹ́ wíwá ariwo kò náni lówó tó iṣẹ́ ríra ẹ̀yà ọkọ̀. Ìlànà tí mo fọwọ́ sí, tí mo sì ń rọ gbogbo ẹni tó bá bi mí pé kó tẹ̀ lé, kò ju èyí lọ: ẹ má ra ohunkóhun títí ẹ ó fi lè pe ariwo náà kó jẹ́ yín nígbà tí ẹ bá fẹ́, tí ẹ ó sì lè mú un dákẹ́ nígbà tí ẹ bá fẹ́. Ẹni tó lè ṣe méjèèjì ti mọ ibi tí àìsàn wà. Ẹni tó lè ṣe ẹyọ kan péré ṣì ń méfò.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ẹsẹ̀ tí ọkọ̀ yín ní

Ohun tí ọkọ̀ kan kò ní kò lè dún lábẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ mo ti rí onímọ́tò tó ń kiri ọjà nítorí líńkéèjì ẹ̀yìn fún ọkọ̀ tí kò ní in rárá. Toyota Camry ọdún 2002 sí 2006, tí àwọn ènìyàn ń pè ní Big Daddy, ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dá dúró. Ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ wà láàárín sípíríǹgì, orí ṣọ́ọ̀kì náà sì gòkè lọ dé ẹ̀yìn ìjókòó èrò, níbi tí máńtìn rọ́bà ti gbé e mọ́ ara ọkọ̀. Ní ìsàlẹ̀, apá irin méjì gba ìbú lọ sí àárín ọkọ̀, apá kan gba òró lọ síwájú, búṣìn rọ́bà sì wà ní ìpẹ̀kun wọn. Irin sìtébíláísà, èyí tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ fì jù ní kọ́nà, tún gba ìbú ọkọ̀ kọjá, líńkéèjì kékeré kan ló sì so ó mọ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Toyota Corolla ọdún 2003 sí 2008 àti Sienna ọdún 2004 sí 2010 yàtọ̀ sí èyí. Irin ńlá kan ṣoṣo ló so ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, búṣìn ńlá méjì ló sì fi kọ́ mọ́ abẹ́ ọkọ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí kò ní líńkéèjì lẹ́yìn. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ń dún, ohun tí a ó fura sí kò pọ̀: ṣọ́ọ̀kì àti máńtìn rẹ̀, sípíríǹgì àti rọ́bà tó jókòó lé, búṣìn ńlá méjì yẹn, bíréèkì, àti ohun tó wà nínú búùtù. Hilux àti àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ní sípíríǹgì pẹlẹbẹ ní tiwọn pẹ̀lú: ẹ wo búṣìn orí sípíríǹgì náà, kí ẹ sì wo àwọn bóòtì gígùn tó tẹ̀ kọdọrọ tó de sípíríǹgì mọ́ irin ẹ̀yìn, nítorí wọ́n máa ń tú díẹ̀díẹ̀ bí ẹrù bá ti ń wúwo jù.

Ẹ kó búùtù kúrò pátápátá

Búùtù ọkọ̀ dà bí ìlù: ohun kékeré tó bá kan ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò dún jáde bí ohun ńlá. Nítorí náà, ẹ kó gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ sílẹ̀, kì í ṣe àpò nìkan. Jáàkì tó wà nínú ihò rẹ̀, wíìlì sípánà, sìpéà táyà àti bóòtì tó dì í mú, kẹ́ẹ̀gì omi, irin tí ẹ fi ń gbé ìlẹ̀kùn búùtù dúró, gbogbo rẹ̀ ni kó jáde. Ẹ ti ẹ̀yìn ìjókòó èrò dáadáa kó há, kí ẹ sì mi ìjókòó ọmọdé bí ó bá wà. Lẹ́yìn èyí, ẹ wa ọkọ̀ náà gba ibi tó máa ń dún. Bí ariwo bá ti lọ, ẹ máa dá ẹrù padà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan títí tí ẹ ó fi rí ẹlẹ́ṣẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yóò fẹ́ fo ìgbésẹ̀ yìí nítorí ó dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé, ṣùgbọ́n kò sí ìgbésẹ̀ mìíràn tó ń gba ni lọ́wọ́ ìnáwó àsán tó o.

Bí ariwo náà bá ṣì wà, ẹ má tíì dá ẹrù padà.

Ẹ bi ariwo náà léèrè lójú ọ̀nà

Ẹ yan ọ̀nà tí ẹ mọ̀ dunjú, kí ẹ sì máa gba ibẹ̀ nìkan ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń dán ọkọ̀ wò, nítorí pé ọ̀nà tuntun lójoojúmọ́ yóò da yín lọ́kàn rú. Ní Àkúrẹ́, ẹni tó bá jáde ní kùtùkùtù ọjọ́ Àìkú lè fi òpópónà Ọba Adésìdá ṣe ojú títì tó já gaara, kó sì wá àdúgbò tuntun kan lẹ́bàá ọ̀nà Ìdànrè tí kò tíì ní ọ̀dà fún kòtò àti gegele. Ẹ pa rédíò, ẹ pa ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀, ẹ má sì sáré ju kìlómítà 10 sí 20 ní wákàtí kan lọ. Ẹ mú ẹnìkan dání tí yóò jókòó sẹ́yìn, tí yóò tẹ́ ẹ̀yìn ìjókòó sílẹ̀ bí ọkọ̀ bá gbà á, kó lè fetí sí apá ọ̀tún àti apá òsì. Bí kò bá sí ẹnìkan, ẹ gbé fóònù tó ń gba ohùn sílẹ̀ sí apá ọ̀tún búùtù, kí ẹ gba ọ̀nà náà kọjá, kí ẹ gbé e sí apá òsì, kí ẹ tún gba ibẹ̀ kọjá, kí ẹ wá fi ohùn méjèèjì wéra nílé. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ inú búùtù kí a sì tì í mọ́ ọn.

Ohun tí ẹ ń wá ni ìgbà tí ariwo náà ń jẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí táyà kan ṣoṣo bá wọ kòtò ló ń dún, tó sì ń dákẹ́ bí táyà méjèèjì bá jọ gun bọ́ǹpù lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ kọ́kọ́ fura sí sìtébíláísà, líńkéèjì rẹ̀ àti rọ́bà tó dì í mọ́ abẹ́ ọkọ̀. Irin yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ àyàfi bí ẹsẹ̀ kan bá ga ju èkejì lọ. Bí ó bá ń dún yálà táyà kan ni tàbí méjèèjì, ṣọ́ọ̀kì, máńtìn àti sípíríǹgì ló kàn. Ariwo gbì ẹyọ kan nígbà tí ẹ bá gbéra tàbí tí ẹ bá tẹ bíréèkì máa ń wá láti ọ̀dọ̀ búṣìn tó di ẹsẹ̀ mú kó má lọ síwájú tàbí sẹ́yìn, ìyẹn búṣìn ńlá ti Corolla tàbí ti apá tó gba òró lọ lábẹ́ Camry. Ariwo tó ń pọ̀ sí i bí èrò bá kún ẹ̀yìn lè jẹ́ pé sípíríǹgì ti rẹ̀, rọ́bà ìdádúró orí ṣọ́ọ̀kì ti gé, irin sì ń kan irin. Ó sì lè jẹ́ salẹ́ǹsà, páìpù tí èéfín ń gbà jáde, tó ti sún mọ́ ohun tí kò yẹ kó sún mọ́.

Ìdánwò kan wà tí kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Bí ẹ bá dé ibi tí ariwo ti ń jẹ́, ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì fẹ́ẹ́rẹ́, kí ọkọ̀ má dúró. Bí ariwo bá dákẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, tó tún bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò, bíréèkì ni kí ẹ yẹ̀ wò kí ẹ tó wo ohun mìíràn: páàdì tó ń mì nínú ilé rẹ̀ nítorí pé irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń há a mọ́ ti sọnù, tàbí bóòtì kálípà, irin tó gbá páàdì mú, tó ti tú. Àwọn tó máa ń pààrọ̀ páàdì lẹ́bàá ọ̀nà sábà máa ń sọ irin tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn nù, bẹ́ẹ̀ ipa rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Ẹ fọwọ́ kàn án nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà nílẹ̀

Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ pa ẹ́ńjìnì, kí ẹnìkan tó lágbára máa tẹ igun ẹ̀yìn kan mọ́lẹ̀ kó sì máa fi í sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo bí ọkọ̀ ṣe ń dìde: bí ó bá ń fò sókè-sódò lẹ́ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn tí wọ́n ti fi í sílẹ̀, ṣọ́ọ̀kì náà ti rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ṣọ́ọ̀kì tó ti rẹ̀ lè má dún, ṣọ́ọ̀kì tó ṣì lágbára sì lè dún nítorí nọ́ọ̀tì orí rẹ̀.

Ibi tí ọwọ́ ti wúlò ju etí lọ nìyí. Ariwo máa ń gba inú irin rìn. Ọ̀tọ̀ ni ibi tí ó ti ń dún sí wa létí, ọ̀tọ̀ ni ibi tí ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ tú aṣọ búùtù tàbí ike tó bo orí ṣọ́ọ̀kì, ẹ fi ọwọ́ lé máńtìn náà nígbà tí ẹnì kejì ń tẹ ọkọ̀. Máńtìn tó dára yóò mì díẹ̀ lábẹ́ ọwọ́. Èyí tó ti bàjẹ́ yóò ta ọwọ́ yín, ẹ ó mọ̀ ọ́n bí ìgbà tí nǹkan kan lu àtẹ́lẹwọ́ láti ìsàlẹ̀, àní kí etí tó gbọ́ ohunkóhun. Bí ọkọ̀ bá wà lórí kòtò mẹkáníìkì, ìyẹn èyí tí wọ́n gbẹ́ kí ènìyàn lè dúró sábẹ́ ọkọ̀, ẹ wọ inú kòtò náà, kí ẹ fi ìka méjì di oríkèé líńkéèjì mú, lẹ́yìn náà apá kọ̀ọ̀kan níbi búṣìn rẹ̀, kí ẹni tó wà lókè sì máa tẹ ọkọ̀ náà díẹ̀díẹ̀. Ẹ má ṣe ki ìka sáàárín irin àti irin tàbí sáàárín sípíríǹgì. Irú kòtò bẹ́ẹ̀ dára ju jáàkì lọ fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé ìwúwo ọkọ̀ ṣì wà lórí táyà, gbogbo nǹkan sì jókòó bí ó ṣe ń jókòó lójú ọ̀nà. Bí ẹ bá fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo sókè, irin sìtébíláísà yóò lọ́, yóò fa líńkéèjì le, oríkèé tó ti jẹ yóò sì dà bí tuntun lọ́wọ́ yín. Ọ̀pọ̀ líńkéèjì tí wọ́n ti dá láre lọ́nà báyìí ló jẹ̀bi.

Gbígbé ọkọ̀ sókè

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Ilẹ̀ pupa tó ti mumi máa ń rì lábẹ́ jáàkì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀, nítorí náà orí kọnkéré ni kí ẹ ti ṣe é. Ní ọkọ̀ tó jẹ́ pé táyà iwájú ni ẹ́ńjìnì ń yí, jíà P táyà iwájú ló ń dì mú. Táyà ẹ̀yìn ni háńbíréèkì ń dì mú, bí ẹ bá sì ti gbé ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀, háńbíréèkì kò ní agbára kankan mọ́. Ẹ fi igi tàbí òkúta tó lágbára há táyà iwájú méjèèjì níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ gbé ọkọ̀, kí ẹ sì gbé e lé irin ìdúró méjì níbi tí olùṣe ọkọ̀ yàn fún un. Búlọ́ọ̀kù kì í ṣe irin ìdúró. Ó lè fọ́ lẹ́ẹ̀kan láìkìlọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e dúró.

Ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ mì í, lẹ́yìn náà ẹ dì í mú lọ́tùn-ún àti lósì. Bí ó bá yẹ̀, kí ẹnì kejì wo ibi tó ti ń yẹ̀, bóyá béárìn tí táyà fi ń yí ni tàbí búṣìn apá. Ẹ fi irin gbọọrọ wọ ẹ̀gbẹ́ búṣìn kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fẹ̀sọ̀ tì í. Búṣìn tó dára yóò fà díẹ̀ yóò sì padà, èyí tó ti bàjẹ́ yóò fi àlàfo hàn láàárín rọ́bà àti irin, tàbí kí rọ́bà rẹ̀ ti já kúrò lára irin àárín. Ẹ fọ ẹrẹ̀ tó wà ní ìsàlẹ̀ sípíríǹgì kúrò, nítorí pé ìyíká ìsàlẹ̀ pátápátá ni sípíríǹgì sábà máa ń ṣẹ́ sí, ẹrẹ̀ sì máa ń bò ó. Ẹ ka ìyíká ti ọ̀tún àti ti òsì bóyá wọ́n dọ́gba. Ẹ fi ọwọ́ mi salẹ́ǹsà, ṣùgbọ́n kí ó ti tutù, kí ẹ sì wo àwọn rọ́bà tó fi rọ̀.

Erùpẹ̀ pupa wa yìí, tí gbogbo ènìyàn ń bínú sí, ẹlẹ́rìí gidi ni lábẹ́ ọkọ̀. Ó máa ń bo gbogbo irin ní àwọ̀ kan náà, àyàfi ibi tí nǹkan méjì bá ti ń fara gbún ara wọn. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ máa wá ibi tí irin ti mọ́ tó ń dán láàárín erùpẹ̀. Bí ìlà tó ń dán bá wà yí orí bóòtì ká, bóòtì náà ń yí tàbí ń sún. Kí ẹ tó fọ abẹ́ ọkọ̀ ni kí ẹ ti wò ó o, nítorí ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ ọkọ̀ ti fi omi wẹ ẹ̀rí nù.

Ẹ mú un dákẹ́

Nígbà tí ẹ bá ti fura sí ohun kan, ẹ mú un kúrò nínú iṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ sìtébíláísà ni, ẹ tú líńkéèjì ọ̀tún àti òsì kúrò, ẹ fi okùn waya di irin náà kó má kan ohunkóhun, kí ẹ sì wa ọkọ̀ náà jẹ́jẹ́ gba ọ̀nà ìdánwò yín. Ọkọ̀ yóò fì díẹ̀ sí i ní kọ́nà, nítorí náà ẹ má sáré, ẹ má sì gbé e lọ sí ọ̀nà jíjìn. Bí ariwo bá dákẹ́, ẹ ti rí ìdílé tó ti wá, ó kù kí ẹ mọ ọmọ tó jẹ̀bi nínú ìdílé náà.

Olùkọ́ kan tó jẹ́ aládùúgbò mi ní Camry irú èyí tí mo dárúkọ. Wọ́n ti bá a pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn àti líńkéèjì, ariwo kò sì lọ. A tú líńkéèjì náà, ọkọ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Bẹ́ẹ̀ líńkéèjì náà tuntun ni, oríkèé rẹ̀ sì le. A wá wo rọ́bà tó di irin sìtébíláísà mọ́ abẹ́ ọkọ̀. Ní apá òsì, inú rọ́bà náà ti jẹ gbòòrò, irin tó wà nínú rẹ̀ sì ń dán yàtọ̀ sí gbogbo ara rẹ̀ yòókù tó pupa. Rọ́bà méjì kéékèèké, tí owó wọn kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ṣọ́ọ̀kì, ló parí ọ̀rọ̀ náà.

Fún salẹ́ǹsà, ẹ fi rọ́bà há ibi tí ẹ fura sí, kí ẹ sì tún wakọ̀, ṣùgbọ́n fún ìgbà díẹ̀ ni, kó má baà gbóná kó jó. Fún bóòtì tí ẹ kò dá lójú, ẹ fi kùn fa ìlà kan láti orí bóòtì náà dé ara irin tó jókòó lé; bí ìlà náà bá ti yà sí méjì lẹ́yìn ìrìn díẹ̀, bóòtì ti sún.

Ríra àti dídè

Ẹ máa ra ṣọ́ọ̀kì ní méjì-méjì, ọ̀tún àti òsì, kí ọkọ̀ má baà fì sí apá kan. Bí ẹ bá ń ra tòkunbọ̀, ẹ gbé e dúró ṣánṣán, ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé kí ẹ sì fà á jáde: ó gbọ́dọ̀ le bákan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ó bá ní ibi tó ti ń já lófo, tàbí tí ọ́ìlì wà lára rẹ̀, ẹ dá a padà. Ṣọ́ọ̀kì tuntun tí wọ́n fi sùn sílẹ̀ nínú páálí náà nílò kí ẹ fà á kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ nígbà mélòó kan ní ìdúró kí ẹ tó dè é, kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè gòkè. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun fúnra rẹ̀ lè máa dún. Mi ò fọwọ́ sí búṣìn tí wọ́n fi táyà gé, bẹ́ẹ̀ ni mi ò fọwọ́ sí rọ́bà tí wọ́n ń ki sáàárín sípíríǹgì láti gbé ìdí ọkọ̀ sókè. Wọ́n ń mú kí ẹsẹ̀ le jù, wọ́n sì ń ti ìyà náà sórí máńtìn.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú nọ́ọ̀tì àárín orí ṣọ́ọ̀kì tí sípíríǹgì yí ká láìkọ́kọ́ fi irin ìfúnsípíríǹgì fún sípíríǹgì náà mọ́ra. Agbára tó wà nínú rẹ̀ lè pa ènìyàn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ dáadáa ti ń bàjẹ́ ni ìgbà tí a bá ń fún bóòtì búṣìn. Rọ́bà búṣìn lẹ̀ mọ́ irin àárín rẹ̀, kì í yí lórí rẹ̀. Lílọ́ ló máa ń lọ́. Bí a bá fún bóòtì náà gan-an nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì ń rọ̀ dirodiro, rọ́bà yóò ti lọ́ tán nígbà tí ọkọ̀ bá délẹ̀, yóò sì já kí ọjọ́ tó lọ jìnnà. Ẹ fi bóòtì sí i, kí ẹ fún un díẹ̀, kí ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀ sórí táyà rẹ̀, kí ẹ mì í sókè-sódò, nígbà náà ni kí ẹ wá fún un parí, nínú kòtò mẹkáníìkì bí ó bá ṣeé ṣe. Búṣìn ńlá ti Corolla ní bí ó ṣe ń kọjú. Ẹ sàmì sí ìkọjú ti àtijọ́ kí wọ́n tó yọ ọ́. Nọ́ọ̀tì táyà àwọn Camry àti Corolla wọ̀nyí ń fẹ́ 103 Nm (ìwọ̀n agbára tí a fi ń fún nọ́ọ̀tì), kí ẹ sì máa fún èyí tó dojú kọ ara wọn tẹ̀ léra.

Bí ẹ bá rí i pé sípíríǹgì ti ṣẹ́ tí ẹnu rẹ̀ sì kọjú sí táyà, tàbí pé bóòtì apá kan ti fẹ́ jáde, ẹ má wa ọkọ̀ náà lọ sí Ọ̀wọ̀ tàbí Oǹdó ká tó tún un ṣe. Ibi tó wà ni kí mẹkáníìkì wá bá a. Bí iṣẹ́ bá sì ti parí, ẹ gba ọ̀nà ìdánwò àtijọ́ yẹn pẹ̀lú búùtù òfìfo, lẹ́yìn náà ẹ kó ẹrù padà kí ẹ tún gba ibẹ̀, kí ẹ sì yẹ gbogbo bóòtì tí wọ́n tú wò pẹ̀lú sípánà lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan.